Fífẹsẹ̀ Rin Èkó: Àwọn Ibi Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Ká Wọ̀ Nígbà Kan

Bí ẹ bá ní kí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Èkó júwe ìlú yìí fún àlejò, orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù la máa tò sílẹ̀. Òyìngbò, Ìdó, Ìdúmọ̀tà, CMS, Ọ̀báléńdé. A mọ ibi tí dáńfó ti ń já èrò sílẹ̀, a mọ ibi tí agbèrò ti ń gbowó, a mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí a lè gbà nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé orí afárá Carter. Ṣùgbọ́n ilé tí à ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, a ò lè sọ ẹni tó kọ́ ọ. Ọgbà tó wà lẹ́yìn ògiri gíga ní Broad Street, a rò pé ibi àríyá àwọn olówó ni. Iṣẹ́ ajé ló gbé wa wá, òun náà là ń bá kiri títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Èbúté Mẹ́ta ni mo ń gbé, ọ́fíìsì mi sì wà ní Erékùṣù. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti sọ ọ́ dàṣà pé tí Sátidé bá dé tí kò sí òde tó yẹ kí n lọ, mo máa sọdá afárá láìní ohun tí mo fẹ́ rà ní Balógun tàbí Jáńkárà. Ìrìn ni mo ń rìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, máa ń bá mi lọ nígbà mìíràn, ìbéèrè kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Bí mo ṣe ń rìn, tí mo ń kàwé, tí mo ń bi àwọn àgbà léèrè, ọ̀rọ̀ kan ń rinlẹ̀ sí i lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Púpọ̀ nínú ibi ìgbafẹ́ tó wà láàárín gbùngbùn Èkó, ìjà ló sọ ọ́ di tiwa. Ọgbà tí à ń jókòó sí gba atẹ́gùn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọmọ Èkó ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, dúdú kan ló ná owó ara rẹ̀ sí i nítorí pé wọn ò gba dúdú láyè níbi tí òyìnbó ti ń wẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì wà ní àárín ìlú yìí tí wọn kì í fún dúdú ní yàrá. Àwọn kan fara jìn kí ilẹ̀kùn wọ̀nyí tó ṣí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ọmọ Èkó ní ìgbafẹ́ kì í ṣe fún irú òun.

Ẹ jẹ́ ká ti Oníkàn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Sàró ni Dókítà John Randle. Sierra Leone ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1855, Edinburgh ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, Èkó ló sì ti ṣe é. Nígbà ayé rẹ̀, dókítà dúdú tó bá wà lábẹ́ ìjọba kì í gba iye tí òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà, ọ̀rọ̀ náà kò sì bá Randle lára mu rárá. Lọ́dún 1908, òun àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, wọ́n fi ń tako owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará ìlú. Ẹni tó bá mọ èyí, kò ní yà á lẹ́nu pé ọkùnrin yìí kan náà ló tún rò ó dé orí adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Omi ló yí Èkó ká, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Èkó ò ní ibi tó ti lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ láìfẹ̀mí wewu. Adágún tí àwọn aláwọ̀ funfun ń lò, wọn ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Randle bá kọ́ tiwọn fún wọn sí Oníkàn, lọ́dún 1928. Ọdún yẹn náà ló kú.

Mo bá bàbá kan pàdé ládùúgbò náà tó ní inú adágún yẹn lòun ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí òun wà lọ́mọ ilé ìwé. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe bí wọ́n ṣe ń bẹ́ sómi. Ó ní, "Ọmọ mi, láti ọjọ́ náà, bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àpápá, àwa ò dì mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́."

Adágún náà bàjẹ́ nígbà tó yá, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ ni John Randle Centre wà lónìí, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí Seun Oduwole ya àwòrán rẹ̀, tí Ààrẹ Buhari sì ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Láti ilẹ̀ ni òrùlé rẹ̀ ti ń dìde bọ̀, koríko tútù ló bò ó, ògiri rẹ̀ sì ní àwọ̀ amọ̀. Wọ́n tún adágún ṣe síbẹ̀, orúkọ Randle ò sì parẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ìtàn ni ilé náà ń sọ fún èèyàn láti ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ̀dá ayé, òrìṣà, ọba, iṣẹ́ ọwọ́, orin, ọ̀kan ń ti ìdí èkejì yọ, kì í ṣe pé wọ́n kàn kó ère sínú gíláàsì tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn.

Wọ́n sì kọ Yorùbá sára ògiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Bàbá kan tí a ò mọ̀ rí ń kọjá lọ, ó dúró, ó bá a tún ohùn ọ̀rọ̀ kan pè, ó ní, "Tún un kà, ọmọ dáadáa." Ó tún un kà, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ yìí kì í fẹ́ sọ Yorùbá níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ògiri tó kù ló kà fún mi, mo sì dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà ní Oníkàn yìí kan náà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kenneth Murray, tó wá sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1957. Iṣẹ́ amọ̀ Nok wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀, ti Benin, ti Igbo-Ukwu. Mo lè fi gbogbo àròkọ yìí sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń pẹ́ jù ni ìdí ọkọ̀ Mercedes dúdú kan tí ìbọn ti dá lu. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Olórí orílẹ̀-èdè ni, ó ń lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ láìsí ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níwájú rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó sì dá a dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dá gbogbo wa dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ká a mọ́.

"Àǹtí, ṣé kò ní ẹ̀ṣọ́ ni?" Ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí nìyẹn. Mo sọ fún un pé nígbà yẹn, ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó wo ihò ara gíláàsì náà pẹ́. Mo tún sọ fún un pé oṣù Kejì yẹn náà ni ìjọba rẹ̀ kéde pé olú-ìlú máa kúrò ní Èkó. Láti 1914 ni Èkó ti jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó lọ sí Àbújá tán. Àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà káàkiri Oníkàn àti Marina, ẹ sì lè mọ̀ wọ́n láti òkèèrè. Bí olú-ìlú ti lọ, ìtàn rẹ̀ kò bá a lọ. Èmi ò gbà fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nǹkan ti tán ní Èkó láti ìgbà náà.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí Freedom Park. Bí n bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo ní Èkó, ibẹ̀ ni màá mú. Lọ́dún 1882, ìjọba amúnisìn fi amọ̀ àti koríko kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sórí ilẹ̀ náà. Àwọn tí inú ń bí ní ìlú ń ju iná sí i. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i; ẹ̀wọ̀n tó jó ní Broad Street, bíríkì ló bù sí i ní tirẹ̀. Ní 1885, wọ́n kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi tún un kọ́, ó sì dúró títí di 1979 tí wọ́n wó o.

Ẹ wo àwọn tó wọ ibẹ̀. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ìjọba sọ sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Michael Imoudu, baba àwọn òṣìṣẹ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Anthony Enahoro. Tí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn tó bá òyìnbó fà á àti àwọn tó bá àwa fúnra wa fà á lẹ́yìn tí òyìnbó lọ, inú ìwé orúkọ ẹ̀wọ̀n yẹn lẹ máa bá wọn.

Lẹ́yìn tí wọ́n wó o, ilẹ̀ náà di ààtàn. Ayàwòrán-ilé Theo Lawson ló rí i pé ó ṣeé lò, tó sì yà á sórí bébà pé ọgbà ìgbafẹ́ ló yẹ kó dà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira, wọ́n ṣí i. Ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ Lawson ni pé kò fi òdòdó bo ẹ̀wọ̀n náà mọ́lẹ̀. Ògiri tó yí i ká ṣì wà. Ẹ lè rí ibi tí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà, bí wọ́n ṣe kéré tó, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn tó ń ta oúnjẹ àti ohun mímu wà nínú ọgbà náà, igi ń ṣíji bo àwọn tó jókòó. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn di pèpele tí àwọn eléré ti ń ṣeré.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ní èyí kò dáa. Ìyá kan ní ọ́fíìsì wa sọ fún mi pé òun ò lè jó níbi tí wọ́n ti so èèyàn kọ́, pé ilẹ̀ tó mu ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí a fi í sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó níwájú pèpele yẹn lálẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń lù, tí wọ́n ń kọrin, tí àwọn tọkọtaya jókòó ti ara wọn, ó sì hàn sí mi pé bí wọ́n bá bi Macaulay pé báwo ló ṣe fẹ́ kí ibẹ̀ rí, kò ní ní kí wọ́n tì í pa. Ìjọba tó kọ́ ọ fẹ́ kí ibẹ̀ máa bà wá lẹ́rù títí ayé. Orin tí à ń kọ níbẹ̀ lóru ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Tafawa Balewa Square kò jìnnà. Pápá ìsáré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní òru tó mú ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960 wá. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ wo ẹṣin funfun mẹ́rin àti idì pupa méje tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, kí ẹ máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dúró rò kò ní ère kankan. Ní 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings wá sí Èkó láti London. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ dè é ní Bristol Hotel. Nígbà tó dé, tí wọ́n rí i pé dúdú ni, wọ́n ní kò sí àyè. Ọ̀rọ̀ náà dá ìlú rú. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn èèyàn tú síta, Gómìnà Arthur Richards sì ní láti pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú dópin níbi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ìkòyí náà, wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún òyìnbó nígbà kan, wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ odò MacGregor sáàárín rẹ̀ àti Èkó. Nígbà tí mo bá ń kọjá níbẹ̀ tí mo rí àwọn tó ń sáré ìdárayá láàárọ̀, n kì í lè ṣe kí n má rántí.

Pópó Àgùdà wá ni ibi tí mo lè dúró sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn Àgùdà jẹ́ ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí àwọn àti ọmọ wọn tún padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ilé tí wọ́n kọ́, ẹ máa dá a mọ̀: fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lókè, òdòdó sìmẹ́ńtì lára ògiri, ọ̀dà tó ti ń ṣí. Ní Òpópónà Kákáwá ni Water House wà, ilé João Esan da Rocha. Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Brazil. Nígbà tó padà dé, ó kọ́ ilé yìí, ó gbẹ́ kànga sí i, ó ń ta omi fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé. Candido, ọmọ rẹ̀, di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí òkìkí wọn kàn jù ní Èkó. Ẹni tí wọ́n tà, tó padà wá, tó wá ń ta omi tó mọ́ fún ìlú: n ò mọ ìtàn tó dùn mọ́ mi nínú jù ìyẹn lọ ní gbogbo Erékùṣù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé Àgùdà kan, ó ń ṣa ẹ̀wà. A kúnlẹ̀ kí i.

"Ilé ta lẹ̀ ń wá?"

"Mà, a ò wá ẹnì kankan. Ilé yín là ń wò, ó wù wá ni."

"Ẹ máa wò ó o. Àwọn tó wá wò ó lọ́jọ́sí, àwọn fẹ́ rà á ni."

Ó ní ká jókòó. Ó sọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere fún wa, bí wọ́n ṣe ń se fùréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ, tí wọ́n sì ń gbé e fún gbogbo ilé tó yí wọn ká, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí. Ó sọ bí àwọn ọmọ àdúgbò Campos ṣe ń múra fún Kàníbà, ìjó ìgboro wọn, nígbà Àjíǹde, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fi aṣọ tirẹ̀ dárà. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ṣé wọ́n máa ta ilé náà, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "A pọ̀ tí a ni ín," ló fi dáhùn.

Ìdáhùn yẹn ló bo gbogbo ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ Èkó. Ẹ gbọ́ ti Ilojo Bar. Ní 1855 ni wọ́n kọ́ ọ sí ibi tí à ń pè ní Tinubu Square, lórúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú. Àgùdà kan tó ń jẹ́ Fernandez ló ni ín, ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ló fi ṣe. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ilé tó ti wà kí Èkó tó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ ọ́ di àwókù.

Ó rọrùn láti bú ẹbí tó bá wó ilé. N kì í bá wọn bú u. Ilé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òjò ń wọlé, igi rẹ̀ ti ń jẹrà, àwọn tó ni ín lé ní ọgbọ̀n, owó ilẹ̀ sì ń gòkè lójoojúmọ́. Àkọlé "ohun ìrántí" tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri kò lè dí òrùlé tó ń jò. Ẹni tó bá ní kí ìdílé má tà, kó mú owó páànù dání. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ó yẹ kí owó orí wa wọ ibẹ̀, kí ìjọba máa bá àwọn ìdílé wọ̀nyí tún ilé wọn ṣe, kí ẹ̀tọ́ ìní wọn má sì yẹ̀. Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Martins Street fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Àgùdà tó jẹ́ Kristẹni, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ fún Mùsùlùmí, Mohammed Shitta, tí Sultan ilẹ̀ Turkey fi oyè Bey dá lọ́lá. Títí di òní, wọ́n ń kírun níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ń tún un ṣe.

Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó ti dé tán, ààfin Iga Ìdúngànràn wà níwájú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo máa ń rántí ládùúgbò yẹn. Àwọn ìjòyè Ìdéjọ, onífìlà funfun, àwọn ló ni ilẹ̀ Èkó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gíga jù ní London. Herbert Macaulay bá olóyè náà lọ, ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣúgbàyí Ẹlẹ́kòó dání. Ní 1921, ìdájọ́ jáde pé ilẹ̀ náà ní olówó, kí ìjọba sanwó rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ilẹ̀ Èkó kò ní ẹni tó ni ín, ẹ sọ ọdún yẹn fún un.

Ìhà tiwa ńkọ́, lókè afárá? Èbúté Mẹ́ta ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, tí wọ́n lé àwọn Kristẹni kúrò ní Abẹ́òkúta, Glover, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà náà, fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n wọ̀n lẹ́sẹẹsẹ níbí. Ìdí nìyẹn tí títì wa fi tọ́ gbọ́nrán tó sì ń gba inú ara wọn kọjá, tí ọmọdé kì í fi í sọnù ládùúgbò wa. Nínú ọgbà Rélùwéè ni Jaekel House wà, ilé alájà kan tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún ṣe, tí wọ́n kó àwòrán àti ohun èlò àwọn tó ṣiṣẹ́ rélùwéè sínú rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, kó lọ. Bàbá mi àgbà wà lára wọn. Mo wá a nínú gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀, n ò rí i, ṣùgbọ́n mo rí fìlà irú èyí tó wà nínú àpótí ìyá mi.

Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ti mú kí ìrìn rọrùn. Láti Marina, ẹ ó gba ojú ọ̀sà kọjá, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìgánmú, ilé ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ọdún 1977, á wà níwájú yín. Wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é báyìí.

Síbẹ̀, ohun tó jẹ mí lógún jù lókè afárá kò tíì sí. Ibi ìjókòó ni. Ládùúgbò wa, bọ́ọ̀lù mọ́ńkípóòsì làwọn ọmọ ń gbá lórí títì lọ́jọ́ Àìkú, òkúta méjì níbí, òkúta méjì lọ́hùn-ún, mọ́tò bá dé, wọ́n á yà. Àwọn àgbà ń ta ayò lẹ́bàá gọ́tà. Ní gbogbo títì tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kò sí igi kan tí wọ́n fi bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ra nǹkan. Oníkàn ti ní tirẹ̀. Mo fẹ́ kí Èbúté Mẹ́ta, Ṣómólú, Muṣin àti Àjẹgúnlẹ̀ náà ní tiwọn, tí kò ní gbówó lẹ́nu ọ̀nà. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nínú ìpàdé àdúgbò wa; àwọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ á gbọ́ ọ lẹ́nu wa léraléra.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rìn, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dáa jù, nígbà tí Broad Street bá dá tí àwọn ọlọ́jà ò tíì gba etí títì. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, ọ̀pọ̀ ibi ló ń gba owó ìwọlé. Bí ẹ bá ní ọmọ nílé, ẹ mú un lọ, kí ẹ jẹ́ kó béèrè. Bí ẹ bá sì dé Kákáwá tàbí Bámgbóṣé, ẹ kí àwọn tó jókòó síwájú ilé kí ẹ tó gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ wọn.